Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ mú màmá mi lọ sí Otepää lóṣù kẹfà, a ò sì ní mọ́tò

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Estonia. Màmá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, wọn yóò sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi ní Tartu níbi tí mo ti ń kàwé. Ó ti pé ọdún méjì tí mo fojú kàn wọ́n gbẹ̀yìn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n padà sílé kó jẹ́ pé yàrá mi àti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ nìkan ni wọ́n mọ̀ níbí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kilaasi ní kí n mú wọn lọ sí Otepää, pé ìlú kékeré ni, pé òkè àti adágún omi ló yí i ká. Ọjọ́ méjì la ní, a ó sùn ibẹ̀ mọ́jú. Màmá mi ti pé ẹni ọdún 68. Ara wọn le, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibi gíga. Alaró ni wọ́n, ìdí àdìrẹ ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, nítorí náà wọn kì í fẹ́ jókòó sójú kan.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa débẹ̀? Kí ló sún mọ́ kí? Èwo ni wọ́n lè gùn, èwo la ó kàn dúró nísàlẹ̀ wò?

Alárìnkiri

Ẹ kú ìmúra, àbúrò. Màmá á dé láyọ̀.

Bọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ wọ̀, láti ibùdókọ̀ Tartu. Ó fi díẹ̀ lé ní kìlómítà 40 sí gúúsù, kò sì ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ ṣáájú lórí Tpilet, ìyẹn ìkànnì tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, kó o sì wo ti ìpadàbọ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí bọ́ọ̀sì kì í pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ bíi ti àárín ọ̀sẹ̀.

Má ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin. Mo tẹnu mọ́ ọn. Otepää kò ní ibùdó reluwé rárá. Ojú irin tó ti Tartu lọ sí Valga ń gba Palupera àti Puka kọjá, orí máàpù á sì jẹ́ kó dà bíi pé ẹsẹ̀ lásán ló kù. Èmi sọ̀ ní Palupera ní oṣù kọkànlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú biribiri. Mo rin ojú títì láàárín igbó fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ, àpò lẹ́yìn, kí obìnrin kan tó dúró gbé mi. Ìwọ nìkan lè rìn ín. Kì í ṣe ìwọ àti màmá.

Ìlú náà kò tóbi. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì. Ibi tí bọ́ọ̀sì yóò já yín sí ni àárín ìlú gan-an. Tẹ́ ẹ bá dúró níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí òkè ní ìhà ìlà-oòrùn, òkè odi àtijọ́ sì dojú kọ ọ́ láti òdì kejì àfonífojì. Pápá síkì Tehvandi, níbi tí wọ́n ti ń fi igi méjì sáré lórí yìnyín, wà ní gúúsù. Adágún ńlá, Pühajärv, wà ní nǹkan bíi kìlómítà méjì sí mẹ́ta sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ ò lè sọnù.

Olùkọ́ Jógíráfì

Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ kún un, torí ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré lédè wọn á lè ka máàpù náà bí ìwé. Mägi ni òkè. Järv ni adágún. Jõgi ni odò. Püha túmọ̀ sí mímọ́, nítorí náà Pühajärv ni Adágún Mímọ́. Linn ni ìlú, Linnamägi ni òkè tí ìlú odi wà lórí rẹ̀ rí. Otepää fúnra rẹ̀ wá láti ara ott, ìyẹn béárì, àti pea, ìyẹn orí: Orí Béárì. Ó jọ pé ìrísí òkè odi yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọdún 1116 ni ìwé ìtàn kọ́kọ́ dárúkọ ibẹ̀, nígbà tí ọmọ aládé kan láti Novgorod gbógun wá gba odi náà, orúkọ yẹn kan náà sì ni àwọn ará Rọ́ṣíà fi ń pè é lédè tiwọn.

Kẹ́ ẹ má retí òkè àpáta bí Olúmọ o. Kò sí àpáta níbẹ̀. Láyé ìgbà tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ yìí, òun ló gbá iyanrìn, amọ̀ àti òkúta jọ, nígbà tó sì ń yọ́ ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn, ó da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ láìtò ó. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Otepää fi rí bí ẹni da àkàrà sórí àtẹ: òkè roboto, kòtò, òkè roboto, kòtò, omi sì dúró nínú èyí tó jìn lára àwọn kòtò náà. Òkè tó ga jù ní agbègbè yẹn ni Kuutsemägi, mítà 217 péré. Lójú ẹni tó bá ti gun Ìdànrè, kékeré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi ní Estonia ló tẹ́jú, nítorí náà òkè yẹn níyì lójú wọn gidi gan-an.

Ìkìlọ̀ kan. Munamägi méjì ló wà, muna sì túmọ̀ sí ẹyin. Väike Munamägi, Òkè Ẹyin Kékeré, wà lẹ́bàá Otepää. Mítà 208 ni. Suur Munamägi, ti Ńlá, ni òkè tó ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè Baltic mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (Estonia, Latvia àti Lithuania), mítà 318, ilé ìṣọ́ kan sì wà lórí rẹ̀. Ìyẹn kò sí ní Otepää. Haanja ló wà, ní ìpínlẹ̀ Võru. Mo ti rí ẹni tó gbàlejò rẹ̀ lọ sí èyí tí kì í ṣe.

Ìyá Méjì

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ orúnkún màmá ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, nítorí mo ti mú ìyá ọkọ mi lọ síbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, láàárọ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì tutù. Ọ̀nà ibẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, kò ga lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́ ni, ti ìjọ Lutheran. Wọ́n gbẹ́ àwòrán sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀: ìrántí ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1884, nígbà tí wọ́n fi àdúrà ya àsíá aláwọ̀ búlúù, dúdú àti funfun sí mímọ́ ní Otepää. Àsíá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Estonia ní Tartu ni nígbà náà, kò tíì di ti orílẹ̀-èdè. Abẹ́ Sárì, ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni wọ́n wà, kò rọrùn láti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní gbangba nínú Tartu, nítorí náà ìlú kékeré yìí ni wọ́n gbé e wá, ilé pásítọ̀ ni wọ́n sì ti ṣe é. Àwòrán ara ògiri yẹn, ọdún 1934 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀. Ìjọba Soviet wó o ní 1950. Ní 1989 àwọn ará ìlú tún un ṣe.

Ilé pásítọ̀ náà ṣì wà nítòsí, wọ́n sì kó ohun ìrántí àsíá jọ síbẹ̀. Pè kẹ́ ẹ tó lọ kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣí.

Tí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà bá bọ́ sí àkókò tí màmá wà níbí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o mú wọn lọ. Ọjọ́ Àsíá ni jákèjádò orílẹ̀-èdè. Wàá rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé gbogbo.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọ̀rọ̀ aṣọ ti wọ̀ ọ́ yìí, màmá mi á fẹ́ mọ̀: aṣọ wo ni wọ́n fi rán àsíá náà, ta ló sì rán an? Mo mọ ìbéèrè tí wọ́n máa bi mí.

Ìyá Méjì

Ṣẹ́dà ni, àwọn obìnrin ló sì fọwọ́ rán an. Àsíá náà gan-an, èyí tí wọ́n yà sí mímọ́, kò sí ní Otepää mọ́. Tartu tó o wà yẹn ló wà, ní mùsíọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní ERM. Wọ́n fi pamọ́ sí ilé oko kan ní 1943 nígbà ogun, ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà ìjọba Soviet, ọdún 1991 ni wọ́n tó mú un jáde. Nítorí náà kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sí ERM kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ti fojú rí aṣọ náà, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn á yé e dáadáa.

Onísíkì

Ní ti Linnamägi, èrò mi yàtọ̀ díẹ̀: ẹ má gùn ún. Orí òkè náà dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ibi tó le koko wà níbẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ló sì máa ń pa orúnkún. Láti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ lè rí i dáadáa.

Pápá Tehvandi ńkọ́? Tí kì í bá ṣe ìgbà òtútù, ẹ wò ó, kẹ́ ẹ kọjá. Lóṣù kejì ni ìlú yẹn máa ń kún. Ibẹ̀ ni eré ìje síkì Tartu Maraton ti ń gbéra lọ sí ìlú Elva, kìlómítà 63, láti ọdún 1960 ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kópa. Wọ́n máa ń pe Otepää ní olú-ìlú ìgbà òtútù. Èmi gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ọ̀ṣogbo, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi igi méjì rìn lórí yìnyín, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rántí.

Olùkọ́ Jógíráfì

Onísíkì, mo gbọ́ tìrẹ o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí màmá pinnu fúnra wọn. Ẹni tó dàgbà ní Abẹ́òkúta, abẹ́ àpáta ni wọ́n ń gbé! Kí wọ́n mú ọ̀pá dání, kí wọ́n máa sinmi.

Linnamägi ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Odi àwọn ará Ugandi, ìyẹn àwọn ará gúúsù Estonia ayé àtijọ́, ló wà níbẹ̀ kí àwọn ajagun ẹlẹ́sìn Kristi láti Jámánì tó dé. Ní ọdún 1217 ogun ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà àti ọ̀pọ̀ ará Estonia para pọ̀ sàga ti àwọn ará Jámánì tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bíṣọ́ọ̀bù Tartu kọ́ odi tirẹ̀ sórí òkè kan náà, bíríkì sì wà lára ohun tó fi kọ́ ọ nígbà tí bíríkì ṣì ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ yìí. Ó wó ṣáájú òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Ìpìlẹ̀ ògiri nìkan ló kù láàárín koríko. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wà á, wọ́n rí ìbọn kékeré kan níbẹ̀ tó wà lára àwọn ìbọn ọwọ́ tó pẹ́ jù ní gbogbo Yúróòpù.

Ẹni tí kò bá lè gun òkè, kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kó wo òkè odi náà. Ìlú àtijọ́ àti ìlú tuntun dojú kọra wọn níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní Valga

Màmá ní Abẹ́òkúta mọ ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀ pé eégbọn ilẹ̀ yìí burú. Nínú koríko gíga àti etí igbó ló ń gbé, ó sì máa ń gbé àrùn tó ń mú ọpọlọ wú àti àrùn Lyme kiri. Kí wọ́n wọ ṣòkòtò gígùn tàbí ìró tó bo ẹsẹ̀, kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ ara wọn wò lálẹ́: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìdí etí. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú fà á yọ tààrà, ẹ má da epo sí i, ẹ má fi iná kàn án.

Alẹ́ máa ń tutù létí adágún, àní lóṣù kẹfà. Mú kóòtù dání. Ilẹ̀ kì í tètè ṣú lásìkò yẹn, oòrùn á ṣì wà lójú ọ̀run láago mẹ́sàn-án alẹ́, nítorí náà mú aṣọ dúdú kan tẹ́ ẹ lè fi dí wíńdò kí màmá lè sùn. Ẹni tó bá ń lọ nígbà òtútù ní tirẹ̀, helkur ṣe pàtàkì: ohun kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ mọ́tò padà, tí wọ́n ń so mọ́ kóòtù. Òfin ni fún ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì nínú òkùnkùn. Alárìnkiri, mo gbà pé o ní ọ̀kan báyìí. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Alárìnkiri

Mo ní méjì, nọ́ọ̀sì wa.

Ìyá Méjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Pühajärv, torí ibẹ̀ ni ọjọ́ kejì yín yẹ kó lọ sí látòkèdélẹ̀. Ẹ má kán an lójú.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó dára wà láti ìlú lọ síbẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ń ro màmá, ẹ wọ takisí lọ, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ bọ̀. Adágún náà gùn tó kìlómítà mẹ́ta àbọ̀, kò jìn púpọ̀, ibi tó jìn jù kò pé mítà mẹ́sàn-án. Erékùṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ìyá kan ní ọmọkùnrin márùn-ún, gbogbo wọn ló kú sójú ogun, ìyá sunkún títí omijé rẹ̀ fi di adágún. Erékùṣù márààrún ni sàréè wọn. Ìyá ọkọ mi tó gbọ́ ìtàn yẹn kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Igi óákù kan wà lẹ́bàá adágún, Sõjatamm ni wọ́n ń pè é, Óákù Ogun. Wọ́n ní ó ti tó 400 ọdún. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìrántí ọdún 1841, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lóko olówó ilẹ̀ Pühajärve kọ̀ pé ìyà náà ti tó, tí wọ́n fi kó sọ́jà lé wọn lórí, tí wọ́n sì nà wọ́n. Èèyàn mẹ́ta kò lè na ọwọ́ ká ìdí rẹ̀ tán.

Ní etí adágún kan náà, wàá rí ọwọ̀n ìrántí Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn Búdà ti Tibet, tó wá ní 1991 tó sì súre fún adágún náà.

Olùkọ́ Jógíráfì

Ìyá Méjì gbàgbé ohun kan tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ti Tartu wá. Pühajärv ni orísun odò Väike Emajõgi. Ema ni ìyá, jõgi ni odò: Odò Ìyá Kékeré. Ó ṣàn lọ nǹkan bíi kìlómítà 82 sínú adágún Võrtsjärv. Láti Võrtsjärv ni Emajõgi gan-an ti jáde, òun ló gba àárín Tartu kọjá kó tó wọnú adágún Peipsi. Ọmọ Ìtòkú, omi tó ń kọjá lábẹ́ afárá yín yẹn, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti Pühajärv wá. Màmá tó dàgbà létí odò Ògùn, tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe Yemọja ní ìyá, kò ní nílò kẹ́ ẹ ṣàlàyé púpọ̀ fún wọn.

Awakọ̀ Elva

Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ní mọ́tò, ẹ ya Sangaste. Ilé ńlá oníbíríkì pupa ni, tí Count Friedrich Berg kọ́ láàárín 1879 sí 1883, ọkùnrin yẹn ló sì mú irúgbìn ọkà ráì Sangaste jáde. Búrẹ́dì dúdú tí ẹ ń jẹ níbí, ráì ni. Láìsí mọ́tò, ẹ má dán an wò, á jẹ ọjọ́ yín tán.

Kẹ́ ẹ wo orí òpó lójú ọ̀nà. Ẹyẹ àkọ̀ máa ń tẹ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀. Àti alápàáǹdẹ̀dẹ̀: òun ni ẹyẹ orílẹ̀-èdè Estonia. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ń lo ìgbà òtútù rẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. A ti lọ, a ti bọ̀, mo ní kí n jábọ̀ kó lè wúlò fún ẹlòmíì.

A kọ́kọ́ lọ sí ERM bí Ìyá Méjì ṣe wí. Màmá mi dúró tí àsíá náà pẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé búlúù náà ti ṣá, pé ẹni tó pa aṣọ yẹn láró kò fún un ní omi aró tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé ta ló gbà á pamọ́ fún gbogbo ọdún yẹn, ṣé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ọjọ́ kẹrin la dé Otepää. Àsíá kún ojú ọ̀nà lóòótọ́, èèyàn sì pọ̀ lọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kó lọ lọ́jọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n inú màmá mi dùn sí i, wọ́n ní ó dà bí ọjọ́ Lísàbí. Ẹ forí jì mí, Onísíkì: wọ́n gun Linnamägi. Ẹ̀ẹ̀mẹta la sinmi, ìgbà tí a ń sọ̀ ni mo wà níwájú, tí wọ́n fi èjìká mi ṣe ọ̀pá. Kò sí bẹ́ǹṣì púpọ̀, kí ẹni tó bá ń mú àgbà lọ gbé àpótí kékeré tó ṣeé ká dání.

Ní Pühajärv, takisí la wọ̀ lọ. Mo sọ ìtàn ìyá ọlọ́mọ márùn-ún náà fún wọn. Wọ́n ka erékùṣù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi rí karùn-ún. Kóòtù tí Nọ́ọ̀sì ní kí n mú, àtìgbà tí aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù ni wọ́n ti wọ̀ ọ́, inú rẹ̀ ni wọ́n sùn. A rí eégbọn kan lára ìró wọn, kò tíì kan ara.

Lánàá a ń kọjá lórí afárá ní Tartu, wọ́n dúró, wọ́n fi ọwọ́ lé irin afárá, wọ́n wo omi náà. Wọ́n ní, "Èyí tí a rí lókè lọ́hùn-ún náà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, díẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú orúnkún yẹn, wọ́n kí i.

Olùkọ́ Jógíráfì

Ẹ bá mi kí màmá gidigidi. Kí ni wọ́n sọ fún un?

Ọmọ Ìtòkú

Wọ́n ní, "Ẹ kú ọmọ."